Èsì: Láptọ́ọ̀pù tí kò ka díìsì Windows

Ẹ kú iṣẹ́. Bí láptọ́ọ̀pù HP yín bá ń yí díìsì Windows 10 lásán láìkà á, ẹ má wulẹ̀ ra ẹ̀rọ ìkadíìsì tuntun. Ẹ lo fíláàṣì.

Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ gba Media Creation Tool, ìyẹn irinṣẹ́ tí ó ń kó Windows sórí fíláàṣì, láti ojúewé Microsoft, kí ẹ fi fíláàṣì tí kò kéré sí 8GB sí i, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò, nítorí pé yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn tí ó bá parí, ẹ fi fíláàṣì náà sí HP. Bí ẹ bá tan HP náà, ẹ máa tẹ Esc, lẹ́yìn náà F9, kí ẹ wá yan fíláàṣì.

Èyí yóò ṣiṣẹ́ bí láptọ́ọ̀pù bá ṣì ń rí hard disk rẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ ìkadíìsì, eruku ọyẹ́ Àbújá yìí lè ti bo ojú rẹ̀.