Ṣé Lóòótọ́ Ni Ọpọlọ Bàbá Ti Ń Jò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Kubwa níbí la ń gbé. Bàbá ọkọ mi ti pé ọmọ ọdún 69, lọ́dún tó kọjá la lọ mú wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n má bàa dá wà. Tí wọ́n bá fẹ́ pe Táíwò, wọ́n á kọ́kọ́ pe ọkọ mi, wọ́n á tún pe Kẹ́hìndé, kí orúkọ ọmọ tó bọ́ sí wọn lẹ́nu. WhatsApp tá a fi sórí fóònù wọn, ó tó ìgbà mẹ́rin tá a ti kọ́ wọn, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ tó bá di ayò, kò sẹ́ni tó lè pa wọ́n nínú kọ́ńpáùndì wa, tí tọkọtaya bá sì ń jà, iwájú wọn ni wọ́n ń kó ẹjọ́ wá. Ọkọ mi wá ní ọpọlọ bàbá òun ti ń jò, òun kà á pé tèèyàn bá ti pé ọdún 25 ló ti ń jò, torí náà kí wọ́n má dá lọ sọ́jà mọ́. Inú bàbá bàjẹ́, tèmi náà ò dùn. Ó ku ọ̀kan: ọmọ ọdún 4 làwọn ìbejì mi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà sí kunu. Bákan náà ni mò ń bù ú fún wọn, àmọ́ tí Táíwò bá ti gba kọ́ọ̀pù gíga, Kẹ́hìndé á bú sẹ́kún pé ti Táíwò ló pọ̀ jù. Mo ti ṣàlàyé títí ó ti sú mi. Bàbá ló máa ń parí ẹ̀, wọ́n á da ti Kẹ́hìndé náà sínú kọ́ọ̀pù gíga mìíràn, ariwo á sì dákẹ́. – Ìyá Ìbejì, Kubwa

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ọ̀rọ̀ kunu yẹn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ìdáhùn ọ̀rọ̀ bàbá wà níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jean Piaget, ọmọ Swítsàlandì, ọdún 1896 ni wọ́n bí i, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣọ́ bí ọmọdé ṣe ń ronú, àwọn ọmọ tiẹ̀ mẹ́ta sì wà lára àwọn tó ṣọ́. Wọ́n á bu omi sínú ife méjì tó rí bákan náà, ọmọ á gbà pé iye kan náà ni, wọ́n á wá da ọ̀kan sínú ife tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ẹ̀, ọmọ ọdún 4 á ní eléyìí ló pọ̀ jù. Kì í ṣe ojúkòkòrò o. Gíga ife ló gba ojú ẹ̀, kò tíì lè fọkàn da omi yẹn padà síbi tó ti wá. Tó bá di bí ọdún 7, á yé e fúnra ẹ̀. Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àlàyé sílẹ̀, ohun tí bàbá ń ṣe ló bá ọmọ náà mu, ẹ sì wò ó dáadáa, bàbá mọ ohun tí ojú ọmọ ọdún 4 lè rí àti èyí tí kò lè rí, wọ́n fi parí ìjà láìbínú. Ọpọlọ tó ń jò kọ́ ló ṣe ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọdún 25 yẹn, ọkọ yín gbọ́ ọ sódì ni. Iwájú ọpọlọ, ibi tá a fi ń ro nǹkan wò ká tó ṣe é, òun ló ń gbó kẹ́yìn, ó sì ń gbó lọ títí dé nǹkan bí àárín ogún ọdún sí ọgbọ̀n. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí. Ohun kan wà tó ń dín kù látìgbà èwe lóòótọ́, ìyẹn ni ìyára. Orúkọ tó ń pẹ́ kó tó bọ́ sẹ́nu, fóònù tuntun tó ń ta kókó, ọ̀dọ̀ ìyára yìí ni wọ́n ti ń wá. Ìmọ̀ téèyàn ti kó jọ, ọ̀nà ọ̀tọ̀ lòun ń gbà. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni wọ́n ń wò lójú ọpọ́n, bàbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tàwọn ọmọ àdúgbò yín, wọ́n ti rí irú ẹ̀ láìmọye ìgbà, ojú wọn ti mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ wo nǹkan míì tó máa ń tan èèyàn jẹ. Tẹ́ ẹ bá mú ọmọ ogún ọdún àti arúgbó, tẹ́ ẹ fún wọn ní ìdánwò kan náà lónìí, arúgbó lè gba máàkì tó kéré, àmọ́ ṣé ọjọ́ orí ni àbí ilé ẹ̀kọ́ tí kò rí lọ nígbà tiẹ̀? K. Warner Schaie, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, rí i pé ìfiwéra yìí ò pé, ló bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tiẹ̀ lọ́dún 1956 ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ó ń padà dán àwọn èèyàn kan náà wò ní ọdún méje-méje. Ohun tó rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú agbára ìrònú ń lọ sókè títí dé àgbà, ìjórẹ̀yìn tó hàn kedere ò sì wọ́pọ̀ kéèyàn tó pé 60. Ti Sikọ́tíláǹdì ló wá wú mi lórí jù. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1932, wọ́n fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n bí ní 1921 ní ìdánwò kan náà jákèjádò ìlú, wọ́n lé ní 87,000. Ó tó ọdún 60 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Ian Deary àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Edinburgh tó lọ wá díẹ̀ nínú wọn, àwọn èèyàn tó ti ń sún mọ́ 80, wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò yẹn jókòó ṣe. Tá a bá ṣírò wọn pọ̀, máàkì tí wọ́n gbà lárúgbó ju èyí tí wọ́n gbà lọ́mọ ọdún 11 lọ.

Ẹ tún jẹ́ kí n kan ilé wa. Ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àwọn olùṣèwádìí tọ àwọn Yorùbá tó ti pé 65 sókè lẹ́yìn fún ọdún mélòó kan, wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2001 ni pé àrùn ìgbàgbé ń mú bíi 13 nínú 1,000 lọ́dún kan ní Ìbàdàn, ti Indianapolis jẹ́ bíi 32. Àrùn nìyẹn, kì í ṣe ogún gbogbo arúgbó. Tí bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́, tí wọn ò lè ka ṣéńjì mọ́, tàbí tí wọ́n ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, ẹ tètè gbé wọn lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ ìfúnpá, ṣúgà àti etí wọn wò. Èyí tẹ́ ẹ kọ sí mi yìí, kò jọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sọ́jà jàre! Ní ti WhatsApp, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ wọn láti fi hàn wọ́n, ìka tiwọn ni kó tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ṣoṣo lóòjọ́, kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fi òmíràn kún un.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, mẹkáníìkì ni mí ní Nyanya, mo ti pé 44. Mo fẹ́ lọ jókòó ṣe WAEC, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìwé ò lè wọ orí tó ti gbẹ. – Bàbá Bọ́ísì

ÌDÁHÙN: Bàbá Bọ́ísì, orí ò gbẹ o. Lọ́dún 2015, àwọn olùṣèwádìí méjì, Joshua Hartshorne àti Laura Germine, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000, wọ́n rí i pé ìyára ń ga jù ní nǹkan bí ọdún 18 sí 19, àmọ́ mímọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ń lọ sókè títí èèyàn fi lé ní 60. Ẹ ò lè sáré bí ọmọ ọdún 17, torí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de oṣù ìdánwò. Ẹ mú ìwé dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí kọ́sítọ́mà tó dé ẹ ka ojú ewé méjì, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ wá fẹnu yín ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ yín láìwo ìwé. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń ta kókó, ibẹ̀ lẹ máa tún kà.