Lipolyse: ìtúpalẹ̀ ọ̀rá, kì í ṣe yíyọ́ ọ̀rá

Ìyá ọlọ́mọ kan ní Àjàṣẹ́ béèrè pé: "Ọmọ mi tó wà ní Terminale D ń kọ́ *lipolyse* nínú SVT. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni mo rí lára pátákó ilé ìtọ́jú ẹwà kan lọ́nà Ouando, wọ́n ní àwọn ń fi í yọ́ ọ̀rá ikùn. Ṣé nǹkan kan náà ni? Kí la sì máa pè é ní Yorùbá?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá. Orúkọ kan náà ni, àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé ọmọ yín kọ́ ni wọ́n ń tà nílé ẹwà yẹn.

Inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: *lipos* ni ọ̀rá, *lysis* ni títú. Ìtúpalẹ̀ ọ̀rá ló bá a mu jù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kọ "yíyọ́ ọ̀rá". Òrí tí wọ́n ń tà ní Ṣábẹ máa ń yọ́ bí oòrùn bá pa á, bí ilẹ̀ bá tutù á tún dì, òrí náà ṣì ni. Ìtúpalẹ̀ yàtọ̀, torí ó ń já nǹkan kúrò lára nǹkan.

Triglycéride ló pọ̀ jù nínú ọ̀rá ara wa àti nínú epo tí a ń jẹ: glycérol kan, tí ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta so mọ́ ọn. Omi ni a fi ń tú u. Enzyme (èròjà tó ń mú kí ìyípadà inú ara yára) tí wọ́n ń pè ní lipase á mú ẹyọ omi kan, á fi já ásíìdì kan. Omi mẹ́ta, ìjá mẹ́ta. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, enzyme mẹ́ta ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì: ATGL já àkọ́kọ́, LHS já èkejì, MGL já ìkẹyìn. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ATGL, ìdí nìyẹn tí ìwé tó bá ti pẹ́ fi ń fi LHS ṣe olórí iṣẹ́.

Ebi, eré sísá àti ìjayà ló ń mú iṣẹ́ náà yára, adrénaline ló sì ń jíṣẹ́ wọn. Insuline ló ń dá a dúró. Bí ènìyàn bá jẹ àkàsà tán, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á gòkè, insuline á jáde, ìtúpalẹ̀ ọ̀rá á sì lọ sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀mí, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní kò ní insuline tó tó. Ọ̀rá á máa tú láìdúró, ẹ̀dọ̀ á máa sọ ásíìdì rẹ̀ di cétone, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Bí òùngbẹ àti ìtọ̀ bá pọ̀ lójijì, tí ọmọ ń bì, tí inú ń run ún, tó ń mí kíkankíkan, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti ń bàjẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo.

Ṣé ìtúpalẹ̀ ọ̀rá ni fífọn? Rárá. Ìdì igi tí a tú kò tíì jó. Lẹ́yìn títú, ásíìdì ọ̀rá á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, albumine, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ẹrù, á gbé e dé iṣan tàbí ọkàn, ibẹ̀ ni oxygène á ti jó o. Bí kò bá sí ibi tí ara fẹ́ lò ó sí, ara á tún un so padà di triglycéride. Nítorí náà, ẹni tó ń polówó tíì tó ń "mú lipolyse yára" kò tíì sọ pé ikùn yín á lọ sílẹ̀. Ọ̀rá tó bá sì jó tán, èémí ló pọ̀ jù nínú ọ̀nà tó gbà jáde: nínú 10 kìlò, bí 8.4 kìlò ń bá èémí lọ ní gaz carbonique, ìyókù di omi.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹwà wá kù. Oògùn tí a mọ̀ jù nínú abẹ́rẹ́ wọn ni acide désoxycholique, ọ̀kan lára àwọn ásíìdì inú òróòro. Ńṣe ló ń fọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, sẹ́ẹ̀lì á kú, ara á wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Pípa sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Àwọn tó ń fi òtútù ṣe é náà, pípa ni. Ní 2015, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ yìí fún ọ̀rá abẹ́ àgbọ̀n. Wọn kò fọwọ́ sí i fún ikùn. Ojú ibẹ̀ máa ń wú, ó máa ń dunni, ó sì máa ń kú tìpìrì. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sínú awọ dípò inú ọ̀rá, awọ lè di egbò. Bó bá ṣe iṣan tó ń darí ètè léṣe, ẹ̀rín á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ béèrè orúkọ oògùn, kí ẹ rí i lára ìgò, kí ẹ sì béèrè bóyá dókítà ni ẹni tó fẹ́ gún un. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ máa bọ̀ nílé.

Kì í ṣe inú ara nìkan ni ìtúpalẹ̀ ọ̀rá ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe epo ní Sakété àti Pobè ń bá a jà láìdárúkọ rẹ̀. Lipase wà nínú ara ẹyìn fúnra rẹ̀. Bí ẹyìn bá wà lódindi, epo inú rẹ̀ kò kan púpọ̀. Àmọ́ bó bá ti họ tàbí tó fọ́ nígbà tí odi rẹ̀ jábọ́, lipase á pàdé epo, kíkan á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn kan máa ń fi odi ẹyìn sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè rọrùn láti yọ. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo ló ń san gbèsè rẹ̀. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, ni pé kí ásíìdì inú epo pupa tí a kò fọ̀ má ṣe ju 10 mílígíráàmù KOH (èròjà tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì) lọ nínú gíráàmù kan, ìyẹn tó nǹkan bí 5%. Ẹ yọ ẹyìn kíákíá, kí ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Iná ló ń pa lipase. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dá epo títí tí kò fi ní hó mọ́, torí omi tó kù nínú rẹ̀ ni ìtúpalẹ̀ ń lò. Epo tó bá ti kan, sísè kò lè dá a padà: á máa ha ọ̀fun, á sì tètè rú èéfín nínú agbada. Ọṣẹ ló kù tí a lè fi í ṣe.

Kí ọmọ má sì pa èyí pọ̀ mọ́ epo tó ń rùn torí pé a ṣí i sílẹ̀ nínú oòrùn. Afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ló ń ba ìyẹn jẹ́, oxydation ni wọ́n ń pè é. Omi ló ń tú ọ̀rá nínú lipolyse. Kó má sì pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ òróòro tó ń fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́ nínú ìfun: òróòro kò já ohunkóhun, ó kàn ń la ọ̀nà fún lipase ni. Gbólóhùn tó lè kọ sílẹ̀ ni pé: "Adrénaline ń mú ìtúpalẹ̀ ọ̀rá yára, insuline ń dá a dúró, glycérol kan àti ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta ló ń tibẹ̀ jáde."