Èsì: Ìdí tí iye inú register kò fi bá àdírẹ́sì kernel mu

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ìdí tí iye inú àwọn register (àwọn àyè kékeré inú prósẹ́sọ̀ tó ń di iye mú) tí perf, irinṣẹ́ Linux tó ń wo bí ètò ṣe ń ṣiṣẹ́, kó jọ lórí sáfà yín ní Wuse kò fi bá àdírẹ́sì kernel (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) tó wà nínú àkọsílẹ̀ kan náà mu. PERF_SAMPLE_REGS_USER, àṣàyàn perf tí ẹ lò, ló fà á: ipò tí àwọn register wà kí ètò yín tó wọ inú kernel ló máa ń fi hàn, kódà bó bá jẹ́ pé kernel ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí interrupt (àmì tó ń dá prósẹ́sọ̀ dúró díẹ̀ kí perf lè kọ àkọsílẹ̀) dé. PERF_SAMPLE_REGS_INTR, tó wọ inú Linux ní ẹ̀dà 3.19, ló yẹ yín, nítorí pé ipò àwọn register nígbà tí interrupt náà dé ló ń fi hàn. Nínú perf record, àṣẹ tí perf fi ń kó àkọsílẹ̀ jọ, --intr-regs lẹ máa kọ. Ẹ dárúkọ kìkì àwọn register tí ẹ nílò, bí i ax àti di, nítorí pé byte 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà nínú gbogbo àkọsílẹ̀.

Síbẹ̀, ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fojú fò ó. Interrupt kì í dé lójú ẹsẹ̀; kí ó tó dé, prósẹ́sọ̀ lè ti ṣe àwọn iṣẹ́ mìíràn tó yí iye inú register padà. Lórí prósẹ́sọ̀ Intel, ẹ lo cycles:pp (kíka ìyípo prósẹ́sọ̀ lọ́nà tó péye), kí PEBS, ohun èlò inú prósẹ́sọ̀ Intel fún àkọsílẹ̀ tó péye, lè kọ àwọn register sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láì dúró de interrupt. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ àfojúrí (virtual machine) lẹ yá, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá PEBS ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀.