Ọjọ́ àjọ̀dún Kátólíìkì wo la lè fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní Badagry ní ìmoore?

Ti Jósẹ́fù Mímọ́ Òṣìṣẹ́ ni màá mú, May 1. Póòpù Pius Kejìlá ló dá a sílẹ̀ ní 1955. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni, torí náà ẹ ṣe é ṣáájú. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ fún un, apẹja àdúgbò tàbí bàbá ẹnu géètì, kó kí i tìkúnlẹ̀-tìdọ̀bálẹ̀, kó sì sọ ohun tó ń dúpẹ́ fún gan-an: "Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ ń bá wa dá ọ̀kadà dúró ká tó sọdá." "Ẹ ṣé" lásán ti mọ́ wọn lẹ́nu jù. Fún ìtàn, ẹ ka Lúùkù 17: adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá rí ìwòsàn, ará Samáríà kan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́.