Ọmọ mi ń wọlé nínú gému, àmọ́ kò mọ ìṣirò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Takíẹ̀ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé. Tíṣà ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, ní ká fi gému kan sórí fóònù, ó jọ eré ejò àti àkàsọ̀, tóo bá dáhùn ìṣirò, dáìsì á yí, wàá rìn. Ojoojúmọ́ ló ń na àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ níbẹ̀. Mo wá kọ 7 lọ́nà 8 sórí bébà fún un, ó kàn ń wò mí ni. Ṣé gému yìí ń kọ́ ọ ni àbí dátà mi ló kàn ń jẹ? – Ìyá Fẹ́mi

ÌDÁHÙN: Ìyá Fẹ́mi, ẹ kú ìnáwó dátà. Ẹ̀rín pa mí torí ọmọ àbúrò mi náà ṣe irú ẹ̀ fún mi. Mo jókòó tì í, mi ò sọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Ìdáhùn mẹ́rin ló máa ń jáde, kò tiẹ̀ ní ka ìbéèrè, á tẹ àkọ́kọ́, pupa, á tẹ ìkejì, pupa, ìkẹta gba àwọ̀ ewé, ó ti lọ nìyẹn. Gému ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá ṣì í, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ yá ló ń wọlé. Ọmọ yẹn ń ronú o, ó ń ronú gan-an, àmọ́ ọgbọ́n gému ló ń rò, kì í ṣe ìṣirò. Ẹ má pè é ní olódo jàre.

Ẹ wò ó bóyá ẹ lè yí gému náà sí èyí tí yóò fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìdáhùn. Tí kò bá sí, ẹ jókòó tì í, kó tó tẹ nǹkan kan, ẹ bi í pé "kí lo rò tóo fi fẹ́ tẹ ìyẹn?" Inú á kọ́kọ́ bí i. Ẹ bi í nígbà tó bá gbà á náà o, torí tó bá jẹ́ ìgbà tó bá ṣì í nìkan lẹ ń béèrè, bó bá ti gbọ́ ohùn yín báyìí á sáré yí i padà láìronú.

Èmi ò fẹ́ràn dáìsì fún ọmọdé púpọ̀, oríire ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ayò ni mo fẹ́, ó wà lórí fóònù náà. Ilé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tó bá kó ọmọ 7 gbọ́dọ̀ ti mọ ilé tí èyí tó kẹ́yìn máa já sí kó tó kó o, bóyá á sọ ọmọ inú ilé ẹni tí wọ́n jọ ń ta di méjì tàbí mẹ́ta kó jẹ ẹ́, kò sí oríire ńbẹ̀. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà ṣírò awari, eré kan tó jọ ayò wa, gbogbo bí ọmọ ṣe lè tò sínú ọpọ́n, ó lé ní bílíọ̀nù 889, wọ́n rí i pé bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣì í, ọ̀mì ni. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ máa ń pè mí ní ọ̀pẹ lábẹ́ igi l'Apákẹ́, ẹ ti gbọ́, ẹ̀yin náà ń ṣì í!

Tó bá jẹ́ ayò orí fóònù, ẹ ṣáà pa bọ́tìnì tó máa ń sọ ibi tó yẹ kó ta sí.

Ní ti 7 lọ́nà 8 yẹn, ẹ gbé ọpọ́n gidi kalẹ̀, ẹ ní kó pín ọmọ ayò 48 náà sí ilé 6, mẹ́jọ-mẹ́jọ, kó wá wá òkúta 8 sí ilé keje kó kà á fún yín.