Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Tí Àwọn Káúǹtì Maryland Ń Gbé Lọ sí Annapolis

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mí ní Lanham, Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, níbi tí káúǹtì ti dà bí ìjọba ìbílẹ̀. Kòtò ti jẹ títì àdúgbò wa tán. Nígbà tá a lọ bá káúǹtì, wọ́n ní owó ọ̀nà tó ń ti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ wá ò tó nǹkan. Ẹnì kan wá sọ fún wa pé àwọn káúǹtì ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń yan ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ́dọọdún láti gbé síwájú ilé aṣòfin. Ta ló ń yàn án? Ṣé tiwa lè wọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Maryland Association of Counties lẹgbẹ́ náà, MACo ni wọ́n ń pè é. Káúǹtì 23 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlú Baltimore tó dá dúró bíi káúǹtì. 24 ni gbogbo wọn. Aráàlú kì í gbé àbá wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn káúǹtì ló ń gbé e wá. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ọmọ County Council (ìgbìmọ̀ aṣòfin káúǹtì) tó ń ṣojú ẹkùn yín lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, tàbí ọ́fíìsì County Executive, ìyẹn olórí ìjọba káúǹtì. Ọmọ council 11 ló wà ní Prince George's: mẹ́sàn-án láti ẹkùn, méjì fún gbogbo káúǹtì. Ẹ lọ bá àwọn méjì yẹn náà.

Àsìkò ló ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọjọ́rú kejì nínú oṣù kìíní ni ilé aṣòfin ń wọlé ní Annapolis, 90 ọjọ́ péré ni wọ́n sì fi ń jókòó. Ìgbà ooru tó ṣáájú rẹ̀ ni àwọn káúǹtì ti ń kó àbá jọ. Ìgbìmọ̀ kékeré kan á kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ, á fi èyí tó dúró re ránṣẹ́ sí Legislative Committee, ìyẹn ìgbìmọ̀ ńlá tó ń dìbò sí i. Ẹni tó bá dúró di oṣù kejìlá kó tó kọ lẹ́tà, ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún ọdún yẹn.

Nínú ìgbìmọ̀ ńlá náà, ìbò kan ni káúǹtì kọ̀ọ̀kan ní. Kent, tí èèyàn rẹ̀ ò pé 20,000 nínú ìkànìyàn 2020, àti Montgomery tó lé ní mílíọ̀nù kan, ẹgbẹ́ ni wọ́n níbẹ̀. Ohun tó bá dá lórí ìṣòro káúǹtì ńlá nìkan kì í pẹ́ já bọ́.

Ọ̀rọ̀ yín rọrùn díẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, torí ọ̀nà ń dun gbogbo wọn. Owó tí wọ́n ń pè ní Highway User Revenues wà, tó ń ti ara owó orí epo mọ́tò, owó ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ àti irú wọn wá, tí ìpínlẹ̀ ń pín fún káúǹtì àti ìlú. Ní 2009, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, wọ́n gé e; nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó àwọn káúǹtì ló bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni MACo fi ń pariwo rẹ̀; ní 2022, ilé aṣòfin gba òfin tó ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

Ibi tí àbá ọ̀nà sì máa ń kú sí nìyí: bí wọ́n ṣe ń pín owó náà. Ìpín Baltimore tóbi ju ti gbogbo káúǹtì lọ, torí ìlú náà ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú títì tó wà nínú rẹ̀. Bí àbá yín bá ní “ẹ fún Prince George's ní ìpín tó tóbi sí i,” ẹ ti sọ àwọn 23 tó kù di ọ̀tá, kò sì ní kọjá ìgbìmọ̀ kékeré. Bó bá ní “ẹ jẹ́ kí àpapọ̀ owó náà pọ̀ sí i,” wọ́n á jọ gbé e.

Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wo ẹni tó ni títì náà. Èyí tó bá ní nọ́ńbà MD tàbí US, bíi MD 450 tó gba Lanham kọjá, ti ìpínlẹ̀ ni. Títì àdúgbò ní Lanham, ti káúǹtì ni. Ẹ̀yin ará Bowie tó bá ń ka èyí, ìlú yín ní ìjọba tirẹ̀ àti títì tirẹ̀, Maryland Municipal League sì lẹgbẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe MACo. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ojú ìwé kan péré: máìlì mélòó ló bàjẹ́, èló ni káúǹtì ń ná lórí rẹ̀, èló ni ìpínlẹ̀ ń fi ránṣẹ́, àti abala òfin wo lẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà. Àwòrán kòtò dáa fún Facebook, àmọ́ abala òfin ni òṣìṣẹ́ káúǹtì lè mú dání wọ ìpàdé.

Bó bá jẹ́ pé Prince George's nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn, ẹ má wulẹ̀ dààmú MACo. Àwọn aṣòfin tó ń ṣojú káúǹtì yín ní Annapolis ń gba àbádòfin abẹ́lé, wọ́n sì ń pe ìpàdé ìgbọ́rọ̀ lé e lórí kí ilé tó wọlé. Lẹ́tà PG ló ń ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tó bá kan ẹ̀yin àti Montgomery pọ̀, MC/PG ni tirẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin? Àbádòfin tó ń wọlé lọ́dún ju 2,000 lọ. Ṣé wọ́n á kàn máa wo ìyókù ni? (Láti Owings Mills)

Ìdáhùn: Rárá o. Mẹ́rin yẹn ni àwọn tí MACo fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀, tó ń wá aṣòfin tí yóò gbé e wọlé, tó sì ń tẹ̀ lé títí dé ọwọ́ gómìnà. Aṣòfin 188 ló ń bẹ ní ilé méjèèjì. Ẹni tó bá kó ogún ẹ̀bẹ̀ síwájú wọn láàárín 90 ọjọ́, kò sí èyí tí wọ́n á rántí. Nípa ti àbádòfin àwọn ẹlòmíì, Legislative Committee ń pàdé ní Ọjọ́rú Ọjọ́rú nígbà tí ilé bá wà ní ìjókòó láti pinnu ibi tí wọ́n dúró sí: wọ́n fara mọ́ ọn, wọ́n fara mọ́ ọn bí wọ́n bá tún un ṣe, wọ́n tako ó, tàbí kí wọ́n kàn fi àlàyé ránṣẹ́ láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Níbi “bí wọ́n bá tún un ṣe” ni iṣẹ́ gidi wà, ó sì ṣeé ṣe kí gbólóhùn kan tí wọ́n yọ níbẹ̀ gba káúǹtì lọ́wọ́ ìnáwó tó ju èrè ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni MACo ń borí. Ní 2012, MACo tako bí ìpínlẹ̀ ṣe fẹ́ di owó ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà ru àwọn káúǹtì, ìpínlẹ̀ sì dì í rù wọ́n.

Ọdún ìdìbò tún ní wàhálà tirẹ̀, bíi 2026. Ẹni tó dìbò yan ọ̀rọ̀ mẹ́rin nígbà ooru lè má sí lórí àga mọ́ lẹ́yìn oṣù kọkànlá, kí ẹni tuntun sì ní òun ò mọ̀ sí i. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń du ipò náà pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Ṣé ALGON, ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà, tiwa níbí lè ṣe irú rẹ̀? (Láti Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n máa kàn pọ̀ jù ìyẹn lọ. Nǹkan tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè tún ṣe wà, Ilé Aṣòfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n á bá sọ ìyẹn. Ohun tó bá wà nínú ìwé òfin 1999 ní tirẹ̀, ilé aṣòfin àpapọ̀ gbọ́dọ̀ gbà á, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 tó tún fọwọ́ sí i. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, bó ṣe máa di ṣíṣe, tó fún ìjọba ìbílẹ̀ 774 láti fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wá ẹ̀kejì.