Mo ti fẹ̀yìn tì: ṣé kí n lọ máa bá wọn pín oúnjẹ àánú?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ẹ̀pẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ mi ń tọ́jú mi, wọ́n sì ní kí n jókòó sílé kí n máa sinmi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í tètè ṣú lójú mi mọ́, ó sì ń ṣe mí bí ẹni tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ládùúgbò wa máa ń se oúnjẹ fún àwọn arúgbó àti opó tí kò ní olùrànlọ́wọ́, wọ́n sì ní kí n wá dara pọ̀ mọ́ àwọn. Orúnkún ń dùn mí, mi ò lè dúró pẹ́ nídìí iná. Ṣé iṣẹ́ yìí yẹ mí, ṣé ó sì lè mú ìbànújẹ́ yìí fúyẹ́? — Olùkọ́ Àná, Ẹ̀pẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Ó yẹ yín, ẹ lọ.

Lójú tèmi, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni ìfẹ̀yìntì gbà lọ́wọ́ yín. Ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ń kọ́ni, bí agogo bá ti lù láàárọ̀, àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń wojú ọ̀nà fún yín, bí ẹ kò bá sì dé, wọ́n á béèrè yín. Ìyẹn ló dáwọ́ dúró lójijì, ìsinmi tí àwọn ọmọ yín fi ìfẹ́ ṣètò kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún àwọn aládùúgbò yín pé kí wọ́n máa pè yín nígbà tí ọwọ́ kò bá tó. Ẹ gba ọjọ́ kan tó dájú, kí ẹ sì gba iṣẹ́ kan tí wọn yóò mọ̀ lára bí ẹ kò bá wá.

Ti orúnkún kò ní dí yín lọ́wọ́, nítorí iṣẹ́ àjókòóṣe pọ̀ níbẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó ti atẹ kó ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ ohun tó wọlé àti kóńgò ìrẹsì tó jáde sínú ìwé, torí pé ibi tí kò bá sí àkọsílẹ̀, ìfura kì í pẹ́ débẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń fi nǹkan tọrẹ á sì fà sẹ́yìn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún yín ni ìwé orúkọ àwọn tó ń jẹ oúnjẹ náà, bí ẹni ń pe orúkọ nínú kíláàsì: ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí iyọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, ta ni ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tí a gbọ́dọ̀ yọ egungun tín-ín-rín inú èpìyà fún kó tó dé iwájú rẹ̀.

Ẹ bá wọn ṣọ́ aago pẹ̀lú. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ sísè má ṣe wà níta fíríìjì ju wákàtí 2 lọ, àti pé kí èyí tí a fẹ́ fúnni ní gbígbóná gbóná ju 60°C lọ títí a ó fi pín in. Ikùn arúgbó kò lágbára tó ti ọ̀dọ́, ìrẹsì tó ti pẹ́ jù nínú kúlà sì lè dá wọn dùbúlẹ̀.

Oníṣòwò kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà, John van Hengel, ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bọ́ àwọn aláìní nígbà tó kíyè sí bí àwọn ilé ìtajà ṣe ń da oúnjẹ tó ṣì dára nù. Ní ọdún 1967, ó dá ilé ìkó-oúnjẹ-jọ St. Mary's sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé. Ohun tó ti mọ̀ nípa ọjà ló mú wá, kì í ṣe ọbẹ̀ sísè. Ẹ̀yin náà mọ Ẹ̀pẹ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan lára àwọn tó ń tajà ní ọjà Olúwo níbẹ̀ jẹ́ ọmọ tí ẹ kọ́ ní ABD. Bí ẹ bá tọrọ ẹja tàbí ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn kí ọjà tó tú, mi ò rò pé wọ́n á dá yín padà lọ́wọ́ òfo.

Bí olórí ẹgbẹ́ náà bá kéré sí yín lọ́jọ́ orí, ẹ gbà á ní olórí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ orúnkún yẹn wò, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ bá mú fún àwọn ọmọ yín, kí wọ́n má ṣe ṣètò ohun mìíràn fún yín lọ́jọ́ náà.